Ìyẹ̀fun Tí Bàbá Ọlá Ń Mu Lé Ẹran

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ó bó ọsàn fún mi lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìkàrẹ́. Mo mu omi rẹ̀ tán, mo fẹ́ ju ìyókù nù. Ó ní kí n jẹ ẹ́, pé ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní oúnjẹ jíjẹ kì í ju fáíbà nù. Mo jẹ ẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Fáíbà ni ohun inú èso, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ikùn kò lè lọ̀. Ó máa ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláìsàn kan wà tí mo máa ń fún ní èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, kí wọ́n fi omi pò ó mu. Dókítà ni mí, ọmọ Àfìn, níbi tí èdè ti yàtọ̀ sí ti Ọ̀kà. Ọmọ Ọ̀kà ni ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ń lọ sí ilé ìwòsàn Ọ̀kà, a jọ ń lọ ni, kó lè fi èdè wọn bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ọlá, tó máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀ tà, ti ń mu ìyẹ̀fun déédéé, síbẹ̀ tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àyà ti ń dùn ún. Mo fẹ́ fi kún ìyẹ̀fun rẹ̀. Ìyàwó mi kọ́kọ́ bi í pé kí ló jẹ kó tó wá.

“Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá ni. Mo ti mu oògùn lé e, ó ti gbá a lọ.”

“Bàbá, ẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹ tún ń da ẹrẹ̀ sí i.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ṣèlérí fún un pé ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni òun yóò máa jẹ, òun yóò sì fi ọ̀rá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n kò lè lọ sí Ọ̀kà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí nọ́ọ̀sì kan tó ránṣẹ́ sí mi pé Bàbá Ọlá ti padà sídìí ẹran ọlọ́ràá, àyà sì tún ti ń dùn ún. Mo dá nìkan wakọ̀ lọ.

“Tíṣà ni mo ṣèlérí fún,” ló wí. Kò wo ojú mi.

Mo fi èdè Ọ̀kà tí n kò gbọ́ dáadáa ṣàlàyé oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti alẹ́ fún un, ìwọ̀n ìyẹ̀fun àti omi rẹ̀. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́nà púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Dókítà, ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ.