Iyọ̀ Orí Ààrò

Títí di òní, bí mo bá rí iyọ̀ inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí ilé wa ní Ìgbògbò, inú máa ń bí mi. Mo mọ̀ pé iyọ̀ kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé àwọn ti fi áyódíìnì sí i, n kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n bí ojú mi bá ti kan án báyìí, ọrùn àbúrò mi ni mo ń rí.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí wa sí. Ẹja ni ìyá wa ń yan tà ní Ọjà Olúwo, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò rẹ̀ wà, kò jìnnà sí ọ̀sà. Èmi ti kúrò nílé láti kékeré, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí ìyá mi ní Ìkòròdú, ibẹ̀ náà ni mo ti ríṣẹ́, tí mo ti lọ́kọ. Àbúrò mi obìnrin ló dúró ti ìyá wa. Òun ló ń jókòó ti ẹja lọ́jà, òun náà ló sì ni ohùn. Tó bá ti lanu pe oníbàárà, ẹni tó ti kọjá lọ á yíjú padà. Ìyá wa a máa sọ pé ohùn ọmọ òun ló ń ta ẹja, òun kàn ń bá a yan án ni.

Nílé wa, iyọ̀ kì í gbẹ. Atẹ́gùn ọ̀sà á mú un rin, á sì dì gbagidi. Ìyá mi kórìíra iyọ̀ tó rin bí ẹni kórìíra olè. Bó bá ti ra iyọ̀ dé, á ya ọ̀rá rẹ̀, á dà á sínú àwo páànù fífẹ̀ kan, á gbé e sórí ààrò, lókè ibi tí ẹja wà, kí ooru máa fẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni iyọ̀ náà máa wà títí á fi tán, ibẹ̀ la ti ń bù ú sọ́bẹ̀. Bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, àti gbogbo àwọn tó ń yan ẹja ládùúgbò wa. Iyọ̀ náà á gbẹ, á máa ní òórùn èéfín díẹ̀díẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó máa ń dùn nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí ọrùn àbúrò mi kọ́kọ́ wú, a ní ó ń sanra ni. Nígbà tó yá, kò ṣeé pè ní sísanra mọ́. Gẹ̀gẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíkáàfù wé ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán. Àwọn kan ń bi ìyá mi bóyá ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ ẹnì kan. Ọkùnrin kan wà tó ti ń bọ̀ wá tọrọ àbúrò mi, àwọn ẹbí ọkùnrin náà kò wá mọ́.

Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn elétò ìlera wá sọ̀rọ̀ lọ́jà, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n ní áyódíìnì inú iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ, pé ká máa wo àmì ara ọ̀rá ká tó rà á. Ìyá mi gbọ́, ó sì tẹ̀ lé e. Iyọ̀ tí kò bá ti ní àmì, kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn tó wá sọ̀rọ̀ náà bá tiwọn lọ. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bi àwọn obìnrin yẹn pé: tí ẹ bá délé, níbo lẹ ń gbé e sí?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní kílíníìkì tí ìyá mi mú àbúrò mi lọ. Nọ́ọ̀sì béèrè irú iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ, ìyá mi sì yọ ọ̀rá òfìfo láti inú báàgì rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ṣe dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ti iyọ̀ kọ́ nìyẹn."

Ti iyọ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé lọ sílé. Àdúrà ló kù, àti àgbo, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é.

Ìgbà tí àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá dùbúlẹ̀, èémí mi kì í délẹ̀ mọ́," ni mo lọ mú un wá sí Ìkòròdú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Fùfú ni, láàárọ̀ lálẹ́. Ẹja ńkọ́? Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ọjà ló ni ẹja. Ó béèrè iyọ̀, ó tún béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí.

"Orí ààrò ni," àbúrò mi dáhùn. "Kó má baà rin."

Dókítà ní tí iyọ̀ bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ooru àti èéfín bẹ́ẹ̀, áyódíìnì inú rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyọ̀ lásán ni wọ́n ti ń jẹ látọjọ́ yìí, fùfú àjẹjù, tí kì í jẹ́ kí ara rí áyódíìnì lò dáadáa, sì tún dá kún un.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ó lè ba ohùn jẹ́. A ní kí wọ́n ṣe é, torí ẹni tí kò lè mí, kí ló fẹ́ fi ohùn ṣe? Gẹ̀gẹ̀ náà lọ. Ohùn náà bá a lọ. Ohun tó kù kò ju kí ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọ létí.

Mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá mi wà nídìí ààrò, àwo iyọ̀ wà níbi tó máa ń wà.

"Màámi, oògùn tó wà nínú iyọ̀ yẹn lẹ ń yan dànù."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí sí mi tán.

"Àwọn tó wá sọ̀rọ̀ lọ́jà," ó ní, "ṣé wọ́n sọ ìyẹn?"

"Wọn ò sọ ọ́, mà."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Ìyá mi nawọ́ gbé àwo náà sọ̀ kalẹ̀, bó ti gbóná tó, kò wá nǹkan fi dì í mú.

Iyọ̀ ti wà nínú ike onídèérí báyìí. Mo lọ kí wọn lọ́jà láìpẹ́ yìí. Ìyá mi ló ń pe oníbàárà, ohùn rẹ̀ kò sì lọ jìnnà. Àbúrò mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi bébà di ẹja. Obìnrin kan tó ti pẹ́ tó ti wá rajà gbẹ̀yìn dúró, ó ń wò yíká.

"Ìyá, mo ti wá yín tì. Ọmọ yín tó máa ń pe oníbàárà yẹn ńkọ́? Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà, n kò tilẹ̀ mọ ojú rẹ̀ dáadáa."

Àbúrò mi gbójú sókè, ó lanu. Ìyá mi yára dáhùn.

"Ó wà nílé."

Àbúrò mi pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó di ẹja náà tán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún obìnrin náà.