Ọmọ Tí Kò Lè Gbé Itọ́ Mì

Itọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo bá Mùtíátù, àbíkẹ́yìn mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ní ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó na àgbọ̀n síta. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń hu eyín. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Bẹ́ẹ̀ ó ń ṣeré nígbà tí mo jáde láàárọ̀.

Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, ní ikọ́ tó ṣe Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dé yìí. Òótọ́ ni pé nígbà òjò tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú Ràṣídì, ohùn rẹ̀ há, ikọ́ rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí ajá ń gbó. Ṣùgbọ́n Ràṣídì ń mu omi, ó ń sùn, ó sì ń ké. Mùtíátù kò wúkọ́ rárá. Nígbà tó fẹ́ pè mí, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Màámi ti se àgbo. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, bí a ti ń ṣe é nílé wa: a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó ká ọwọ́ sí i lẹ́nu, a ó sì dí i nímú kó lè gbé e mì.

Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́.”

“Tíṣà, ọwọ́ yìí ni mo fi rọ ọkọ tó fẹ́ ọ. Ṣé ó kú ni?”

Bí ẹ̀yìn ọmọ ti kan itan wọn báyìí, èémí rẹ̀ dúró. Ètè rẹ̀ ń di dúdú lọ. Màámi fúnra wọn ló gbé e dìde wàrà, àgbo dànù, èémí náà sì padà pẹ̀lú ìró bíi fèrè. Kò sí ẹ̀kán kan tó kàn án lẹ́nu. Màámi ń wá ìborùn tó wà ní èjìká wọn.

Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ l’Ọ́yọ̀ọ́, dókítà kò sún mọ́ ọn, kí ẹ̀rù má baà bà á. Ó wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn ahọ́n, tó máa ń bo ọ̀nà èémí bí ọmọrí ìkòkò nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Òun ló wú. Bó bá dí ọ̀nà náà pátápátá, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣíbí tẹ ahọ́n rẹ̀ láti wo ọ̀fun, wọn kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fún un ní ohunkóhun lẹ́nu. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn tó lè ki rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀ wà.

“Ẹ má jẹ́ kó sunkún; ẹkún lè dí i,” ni ó sọ kẹ́yìn.

Nítorí náà, n kò lè sunkún. Nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì di ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn èémí mú níwájú imú rẹ̀, mo gbé e jókòó lórí ẹsẹ̀, mò ń fi màlúù ẹ̀bá ọ̀nà hàn án. Nígbà tó yá, kò wo màlúù mọ́. Mò ń fi hàn án síbẹ̀.

Bí a ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi bá wa níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, n kò lè parí rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì tí gbogbo wa jókòó lé níta, Màámi bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé n kò pa á?”

Mo ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ gbé e dìde.”

Lẹ́yìn ìgbà tó dà bí ọdún, dókítà ibẹ̀ jáde, ó ní ọ̀nà èémí ti là. Wọ́n ń fa oògùn sí i lára, rọ́bà náà sì wà lọ́fun rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Ìyẹn le láti wò. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ó béèrè omi.

Ẹ jẹ́ kí n tún èrò kan ṣe: kì í ṣe gbogbo ọmọ tí èémí rẹ̀ ń han ni ikọ́ ń ṣe. Bí ẹ̀pà bá ṣàdédé há ọmọ lọ́fun níbi eré, ìyẹn tún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè dùbúlẹ̀, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó jókòó bó ṣe fẹ́, kí ẹ sáré. Ara tí a ń gbé kiri yìí, ohun tí kò tó èékánná ló di ẹ̀mí wa mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ń padà sí Ọ̀yọ́, Mùtíátù sọ̀rọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ délé pẹ̀lú ohùn tó há. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.