Ẹsẹ̀ Múínà Tí Mo Sọ Nù

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Houston, ẹsẹ̀ ni mo fi mọ àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìwó. N kò mọ ojú wọn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lókè òkun láàárín ọdún 1980 sí 1989 yóò rántí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ láti ilé, kò ní ṣàì kó ìwé ẹsẹ̀ dání. Wọn á ní kí èèyàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìwé, wọn á fi báírò fa ìlà yí i ká, wọn á kọ orúkọ sáàárín, kí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè fi ra bàtà. Orí ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ni ti Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, wà. Ẹni tó bá wọn fà á fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó ya èékánná márààrún sí i.

Ilé oníyàrá méjì là ń gbé ní Missouri City, lẹ́bàá Houston. Bàbá mi á ti wakọ̀ lọ sí Baytown kí ilẹ̀ tó mọ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Òórùn epo kì í kúrò lára aṣọ wọn. Ní Sátidé, ìyá mi á ro ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó inú páálí, wọ́n á gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, wọ́n á sì pè é ní iyán. A kì í bá wọn jiyàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ abọ́, kí n sì gé ìwé ẹsẹ̀. Bí mo bá gé e tán, bàbá mi á kì í bọ inú bàtà ní ṣọ́ọ̀bù láti wò ó bóyá yóò gbà á. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ kì í purọ́."

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní gbogbo wa ń lọ sílé fún Iléyá. Èmi kò fojú kan Ìwó rí. Ìwé ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wọlé wa. Mo gé gbogbo rẹ̀, mo wá ṣe eré tí mo máa ń ṣe: mo to àwọn ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná bí ẹni pé àlejò ń wọlé, mo ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan, "Ẹ káàbọ̀, Màmá Àgbà. Ẹ káàbọ̀, Bùrọ̀dá Táfà." Ẹsẹ̀ Múínà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọbìnrin bíi tèmi tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ló kángun sí ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Omi ọṣẹ dà sí i. Nígbà tí mo fi máa mú un, ó ti fà ya lọ́wọ́ mi.

Nílé wa, ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ á kúnlẹ̀ síwájú fíríìjì, á gbé ọwọ́ sókè títí ìrẹsì á fi jinná. Kíá ni mo tẹ ẹsẹ̀ tèmi mọ́ ìwé mìíràn, mo fà á, mo kọ "Múínà" sí i. Mo rò ó pé bí ọjọ́ orí bá dọ́gba, ẹsẹ̀ náà á dọ́gba. Bàbá mi ka ìwé ẹsẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún. Ó pé."

Ní Ìwó, Màmá Àgbà gbá mi mọ́ra, wọ́n ń run òórùn òrí, wọ́n ń kì mí. N kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Yorùbá mi nígbà náà kò ju ti ìkíni, ti oúnjẹ àti ti ìbáwí lọ. Nígbà tí a máa pín bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n là á kalẹ̀: "Bàtà tí kò bá gba ẹsẹ̀ ẹni, ẹ má bá a jà. Kó kọjá sí ẹni tó kàn."

Ẹni tó kàn Múínà ni Ṣìfáwù àbúrò rẹ̀, ó sì ti jókòó tì í, ó ń retí. Mo wo Múínà. Ó fi orí kan ga jù mí lọ. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo tèmi. Ó ti ìka ẹsẹ̀ bọ bàtà dúdú tó ń dán náà, gìgísẹ̀ kọ̀. Ó wo Ṣìfáwù, ó mí kanlẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ náà, ó wọnú bàtà.

"Ó bá mi mu gẹ́ẹ́," ló wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ kì í purọ́."

Lọ́jọ́ Iléyá, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yídì. Múínà ń tiro.

"Múínà, ṣé o tẹ ẹ̀gún ni?" Màmá Àgbà bi í.

"Rárá o, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń rìn ní Amẹ́ríkà nìyí."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. "Sídì, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo dáhùn, èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Kí a tó ti Yídì dé, gbogbo ọmọdé agboolé ló ti ń tiro, títí kan àwọn tí kò wọ bàtà. Bùrọ̀dá Táfà, àbúrò bàbá mi, wò wá títí. "Ṣé gbogbo Amẹ́ríkà ló yarọ ni?"

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí a ti jẹ ẹran àgbò díndín tí òróró ń ṣàn dé ìgúnpá wa, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ tẹ́ǹtẹ́ǹ, eré àtẹ́wọ́ tí a fi ń ju ẹsẹ̀ síwájú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń borí Múínà níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà ló ń borí rẹ̀, kò sì bọ́ bàtà. "Ọmọ Amẹ́ríkà! Bàtà ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀!" ni wọ́n ń pariwo. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé e. Ó ti bọ́ bàtà náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó.

"Má sọ fún wọn o," ló wí. "Wọ́n á gbà á fún Ṣìfáwù."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ìjẹ́wọ́ kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tí mo ń wí níwájú fíríìjì. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mà."

Múínà la ẹnu. "Ta lò ń pè ní mà? Kí lo ṣe?"

Mo tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tọ́ka sí tèmi. "Ìwé ẹsẹ̀ rẹ. Omi bà á jẹ́. Mo fa tèmi."

Ó pẹ́ kó tó yé e. Ojú rẹ̀ le, mo sì rò pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní Ìwó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo sọ ẹsẹ̀ mi nù! Olè ẹsẹ̀!" Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú lókè níbi tí wọ́n wà, ó fà mí dìde.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé bàtà náà fún Ṣìfáwù. Àwa méjèèjì la jọ lọ bá bàbá mi. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ kì í purọ́, àfi ọmọ," wọ́n sì ní kí n fa ẹsẹ̀ Múínà lójú wọn. Mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó gbóná, eruku wà lára rẹ̀, bí báírò bá sì ti kàn án, á fà á sẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín. Kí ọdún náà tó parí, bàtà tirẹ̀ gan-an ti dé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èmi ni mo bẹ àwọn òbí mi kí n padà lọ ka ìwé girama ní Ìwó. Ọdún mẹ́fà ni èmi àti Múínà fi sùn lórí ẹní kan náà.

Lóde òní, mo ti padà sí Houston, àwọn ọmọ mi sì mọ ojú gbogbo ẹbí. Ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, Múínà á yọ nínú fóònù láti Ìwó, wọ́n á juwọ́ sí i. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ bàtà, nọ́ńbà lásán ló ń fi ránṣẹ́. Ó rọrùn, n kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fi ọmọ Múínà ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà dun ìyẹn, àwọn méjèèjì pa fóònù, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Mo rò ó títí, n kò rí bí ẹnì kan ṣe lè kúnlẹ̀ nínú fóònù kí èkejì sì fà á dìde. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwó ni àwọn méjèèjì yóò ti jọ ṣe Iléyá tó ń bọ̀.