Ìyálé Inú Àlọ́ àti Èmi

Nínú gbogbo àlọ́ tí mo gbọ́ dàgbà, n kò tíì rí ìyálé kan tó kú ikú ire. Bí kò bá já sí kànga, ilẹ̀ á lanu gbé e mì, àwa ọmọdé á sì pàtẹ́wọ́. Èmi fúnra mi ti fi ẹnu mi pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Nàìjíríà. Ohun tí n kò rò ni pé lọ́jọ́ kan màá wọ ọkọ̀ ojú omi, màá sọ̀ kalẹ̀ ní Libreville, màá sì bá ara mi nínú àlọ́ náà.

Ọkọ mi ti ń ta aṣọ ní Mont-Bouët, ọjà ńlá Libreville, kí Gabon tó gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, tí ọjà rẹ̀ gbòòrò, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó kàn gbàgbé láti sọ fún mi (ọkùnrin a máa gbàgbé nǹkan ńlá o!) pé òun ti fẹ́ ọmọ Nàgó kan láti Àjàṣẹ́, àti pé wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan tó ti ń pààrọ̀ eyín.

Ìyàwó kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ kò kúnlẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi. Faransé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹnu rẹ̀ ní iléèwé. Kò mọ "ẹ", "o" ló fi ń bá tọmọdé tàgbà sọ̀rọ̀.

"Mama, ṣé òun ni ìyálé yẹn?"

Yẹn wo? Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ẹ má dá a lóhùn, ìyálé mi. Ọ̀rọ̀ àlọ́ ni."

Ìyàwó lóyún nígbà náà. Kò pẹ́ tí mo dé ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀. Dókítà dá a dúró sí ọsibítù: kó dùbúlẹ̀ títí yóò fi bímọ; bó bá dìde rìn, oyún lè bọ́. Ilé wá ku èmi, ọmọ, àti bàbá rẹ̀ tó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ọmọ kò jẹun. Mo se ìrẹsì, mo fi ẹja tútù se ọbẹ̀. Ó ní ebi kò pa òun. Mo ra ẹ̀gẹ́ gígún tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń dì gbọọrọ sínú ewé, mo tú ewé rẹ̀ fún un. Ó kọ̀ ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń jẹ, àti ẹ̀pà inú èèpo, àti ẹyin sísè, bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló bó o. Nígbà tó yé mi pé ohun tó ní èèpo nìkan ló ń jẹ, ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Ó ti ro gbogbo rẹ̀ já: a kò tíì bí ìyálé tó lè ki májèlé bọ inú èèpo ẹyin.

"Fi í sílẹ̀, ebi á kọ́ ọ lọ́gbọ́n," ni ọkọ mi wí.

"Kí ebi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ná."

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ dé etí ìyá rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ wá: bí ọmọ òun kò bá jẹun kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, òun á dìde wálé wá fún un lóúnjẹ fúnra òun. Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Bó bá dìde, tí oyún bọ́, ta ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Mont-Bouët á sọ pé ó fà á? Àlọ́ á kúkú parí síbi tó máa ń parí sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kírun tán, mo gbé ìrẹsì tèmi àti tirẹ̀ kalẹ̀. Kí n tó jókòó, ó ti pààrọ̀ àwo. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo mọ àlọ́ náà: ìyálé fi májèlé sí oúnjẹ ọmọ ìyàwó, àwọn ọmọ pààrọ̀ àwo, ọmọ ìyálé ló kú.

"Ààlọ́ o!" ni mo wí.

"Ààlọ̀!"

"Ní ìlú kan, ìyálé kan wà tó jẹ́ ènìyàn rere..."

"Irọ́!"

"Irọ́ báwo?"

"Ìyálé kì í ṣe ènìyàn rere. Ìwọ kò mọ àlọ́."

Èmi, olùkọ́! Mo gbé e gba ibòmíràn. Mo ní ìyálé náà kì í ṣe ìkà, àwọn èèyàn kò mọ inú rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ìyálé náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ, ó bá ẹlòmíràn nídìí ààrò. Gbogbo ojú sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo kúrò nínú àlọ́ bọ́ sínú ọ̀rọ̀ ara mi. Ọmọ náà jẹ́ kí n sọ tán.

"Ṣùgbọ́n ó fi májèlé sí i, àbí kò fi sí i?"

Kí n sọ pé kò fi sí i ló rọrùn jù. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Ó fi sí i."

"Ìkà ni."

"Ìkà ni. Ọmọ rẹ̀ ló sì kú. Nígbà tí ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́, òun ń sunkún."

Ó ro ìyẹn, ó ń fi ahọ́n tọ́ ibi tí eyín rẹ̀ ti bọ́.

"Ìwọ, ṣé o fẹ́ràn Mama mi?"

"Kì í ṣe lójoojúmọ́."

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí, mo fẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbi tó wà, kó má dìde."

"Jẹ tìẹ kí n rí."

Mo jẹ ẹ́. Ó ń wò mí bí aṣọ́bodè tó ń tú ẹrù. Nígbà tí mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó fa àwo náà kúrò níwájú mi, ó ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn sí mi, ó sì jẹ ìyókù tán. N kò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́. N kò tilẹ̀ lè pè é ní ìfọkàntán. Ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ inú ọmọ.

Ní òwúrọ̀, mo bu ọbẹ̀ ẹja sínú abọ́ onídèérí, mo bá àwọn èrò wọ takisí lọ sí ọsibítù.

"Ìyálé mi, ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun. Díẹ̀ ló kù kó lá àwo."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. "Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo pàlọ́ fún un."

Kò bi mí pé èwo ni. Mo ṣí abọ́, òórùn ẹja gba àárín wa kan. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó wo ọbẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. Àlọ́ kan náà ni wọ́n fi tọ́ àwa méjèèjì. Ìyàwó tó gba ẹ̀kọ́ ilé sì ni, nítorí náà ẹ̀rín ló fi sọ tirẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jẹ díẹ̀. Mi ò fẹ́ dá a jẹ."

Ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀ ni. Títí di òní, n kò bi í léèrè. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́, mo gbé e sẹ́nu. Kò fa abọ́ mọ́ra títí ó fi rí i pé mo gbé e mì.