Gílóòbù Fẹ́yìsetán Tí Kò Gbóná

Ẹ sún mọ́bí, jàre. Ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé wá. A ò ní pariwo ọ̀rọ̀ Fẹ́yìsetán kó máa gbọ́ ọ nínú ilé ẹ̀. Ilé ẹ̀ ò jìnnà, etí ẹ̀ sì mú bí abẹ.

Ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó níbí, tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó mọ iná pa, Fẹ́yìsetán ni. Kì í ṣe iná tó ń jólé o, iná gílóòbù ni. Ṣàíbù ọkọ ẹ̀ kì í tíì yọ ẹsẹ̀ kejì tán nínú yàrá tó ti máa pa iná mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọkùnrin náà ti fi orúnkún gbá àpótí inú òkùnkùn títí, ó ti mọ gbogbo igun ẹ̀ bí ẹni mọ ojú ìyá ẹ̀. Nígbà kan, Fẹ́yìsetán lọ kí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ládùúgbò. Ó gbé ọmọ, ó súre, ó fún wọn ní ọṣẹ. Bó ṣe ń jáde báyìí ló nawọ́ sí ògiri, ó pa iná mọ́ ìyá àtọmọ lórí. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kọ́."

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń ta ẹran inú yìnyín kò gbọdọ̀ fi iná ṣòfò. Òwò ẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó ti bọ́dà: tọ́kí àti adìẹ òyìnbó tó ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọlé. Obìnrin náà mọ ọ̀nà inú igbó ju ọ̀yà lọ. Tó bá rí àwọn oníbàárà ẹ̀ lódì kejì, á kí wọn ní "bọ̀n-zuù" pẹ̀lú obì lẹ́nu, bí ẹni tí wọ́n bí sí Kutọnu. Àfi bí ìjọba ṣe ti bọ́dà pa. Kọ́sítọ́ọ̀mù kún títì, sọ́jà kún igbó, ẹran ò wọlé mọ́. Fìríìsà Fẹ́yìsetán di àpótí aṣọ. Ṣàíbù fẹ́ lọ sí ìsìnkú, ó ní kí wọ́n bá òun wo agbádá òun lápá ibi tí itan tọ́kí máa ń wà.

Fẹ́yìsetán ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó rò ó. Adìẹ òkèèrè ò wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn èèyàn ò tíì sinmi ẹran jíjẹ. Ó kó gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ nínú òwò, ó lọ sí Ìlaròó, ó ra ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Ó gbé páálí wọn lé itan lórí ọ̀kadà. Ìgbà tí ọlọ́kadà bá já sí kòtò, á ní, "Rọra o, èèyàn wà lẹ́yìn ẹ."

"Mo mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn mi, Màmá."

"Ta ló ń sọ tèmi?"

Tí àwọn ọmọ yìí bá kú, òwò Fẹ́yìsetán bá wọn lọ nìyẹn, kò sí òmíràn tó máa dì mú. Òun náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé àwọn ọmọ adìẹ náà láìbọ́ bàtà, kí àrùn má bàa bá a wọlé. Ṣàíbù gan-an tó kan ilé ọ̀hún, ó ní kó bọ́ bàtà.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ọmọ adìẹ kò sì fẹ́ òtútù. Àwọn tó ta á fún un ní kó gbé gílóòbù pupa kọ́ sí wọn lórí, àwọn gílóòbù àtijọ́ yẹn. Ó gbé e kọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé iná Nẹ́pà tiwa ń ṣe bí àna tó mọ̀wà hù, kì í pẹ́ kó tó lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló kù. Ìjọba tún wá ní kí epo bẹntiróòlù má dé ìlú tó bá sún mọ́ bọ́dà mọ́, wọ́n ní wọ́n ń gbé e sọdá. Àwa tá ò sọdá ibì kankan náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì kiri. Gílóòbù pupa ní tiẹ̀ ò mọ̀ pé epo wọ́n. Ṣe ló ń mu ún bí ẹní ń mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀.

Bàrúwà tó ń ṣiṣẹ́ iná ló mú gílóòbù funfun wá bá Fẹ́yìsetán, èyí tó lọ́ bí ìfun ewúrẹ́, tí wọ́n ń pè ní ẹ́nájì. Ó ní, "Ìyá Azeezat, ẹ wo èyí. Ó mọ́lẹ̀ ju ti pupa lọ, díẹ̀ ló sì ń jẹ nínú iná. Epo tẹ́ ẹ̀ ń lò á pẹ́ kó tó tán, èéfín á dín kù, ayé á gbádùn."

"Ayé wo? Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ gbádùn ná."

Bàrúwà ò parọ́ o. Wọ́n fi sí pálọ̀, wọ́n fi sí yàrá, wọ́n fi sí ẹ̀yìnkùlé. Jẹnẹrétọ̀ tó ti máa ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ikọ́ Màmá Ojúọlá, ìyá Ṣàíbù, tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí èéfín, ìyẹn náà rọlẹ̀. Fẹ́yìsetán wá ń yan káàkiri bí ẹni tó dá iná sílẹ̀ láyé. Èyí tó bá sì kú nínú gílóòbù náà, ẹ mọ̀ pé kò ní dà á nù. Ó ń so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, ó ń gbé wọn kọ́ sórí ebè ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, kí wọ́n máa dán nínú oòrùn, kí ẹyẹ má bàa ṣa irúgbìn jẹ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ ti kọjá ààlà. Ó rò ó pé bí funfun bá ń mọ́lẹ̀ ju pupa lọ, á jẹ́ pé ó dáa fún ọmọ adìẹ ju pupa lọ nìyẹn. Ó yọ gbogbo pupa kúrò lórí wọn, ó fi funfun dípò. Ilé adìẹ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Ó pe Ṣàíbù wá wò ó.

"Bàbá Azeezat, ẹ rí i? Èèyàn lè kàwé níbí."

Ṣàíbù ní, "Èwo nínú wọn ló ń lọ sílé ìwé?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó bá wọn lórí ara wọn ní igun kan, bí aṣọ tí wọ́n kó jọ fún fífọ̀. Ó tú wọn ká. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú.

Fẹ́yìsetán káwọ́ lérí. Ó ní ológbò ni, kò rí ẹsẹ̀ ológbò. Ó ní ojú ayé ni, ó bá gbogbo aládùúgbò yan odì. Ó da oògùn sínú omi wọn. Ó wá kọjú sí ọkọ ẹ̀.

"Àbí ẹnu yín ni? Ẹ̀yin lẹ fi wọ́n ṣẹ̀sín pé wọn ò lọ sílé ìwé."

"Ìyá Azeezat, tó bá jẹ́ pé ẹ̀sín ń pa nǹkan, ṣé èmi ì bá ṣì wà nínú ilé yìí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn tún ti kú. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kó àwọn tó kú sórí itan, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé tí Fẹ́yìsetán bá dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣàíbù ránṣẹ́ pe Bàrúwà. Màmá Ojúọlá fi ọ̀pá rìn jáde nínú yàrá.

"Kí ló dé tí ilé dákẹ́?"

"Màmá, wọ́n ń kú ni."

Màmá wọlé tòun ti bàtà, Fẹ́yìsetán ò sì lè ní kó bọ́ ọ. Ó wo òkè. Ó na ọwọ́ sábẹ́ gílóòbù, ó tún sún ọwọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í mú.

"Ìyàwó, ta ló gbé òṣùpá kọ́ sí wọn lórí?"

"Màmá, gílóòbù ni. Ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Mo rí i pé ó mọ́lẹ̀. Ṣé wọ́n ní abẹ́rẹ́ àwọn sọ nù ni? Òtútù ń pa wọ́n, ìwọ wá ń tanná fún wọn kí wọ́n lè rí òtútù ọ̀hún dáadáa!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ṣàíbù lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú ìyàwó ẹ̀, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

Fẹ́yìsetán fìbínú gun bẹ́ǹṣì, ó fa gílóòbù àkọ́kọ́ tu. Gílóòbù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́ yángá sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàrúwà yọjú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má gbá a! Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn jáde, ẹ ṣí fèrèsé, májèlé wà nínú ẹ̀!"

Fẹ́yìsetán rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Bàrúwà."

"Mà."

"Ìwọ lo tà á fún mi."

"Èmi ni, mà."

"Lọ́jọ́ tó o tà á, ayé lo ní ó máa gbádùn. O ò dárúkọ májèlé."

"Kékeré báyìí ni, mà. Tí ò bá ti fọ́, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ ò sì bi mí."

"Mo máa bi ọ́? Tí mo bá ra ẹ̀wà, ṣé mo máa ń bi wọ́n bóyá ejò wà nínú ẹ̀?"

Wọ́n kó àwọn ọmọ adìẹ sínú páálí lọ sí yàrá Màmá. Bàrúwà wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ó fi páálí líle kó àfọ́kù náà pẹ̀lú ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó fi aṣọ tútù nu ibẹ̀, ó da gbogbo ẹ̀ sínú agolo, ó dé e pa. Ó wá béèrè ibi tí wọ́n ń ju àwọn gílóòbù tó ti kú sí. Màmá ló fi ọ̀pá júwe ẹ̀yìn ilé.

Wọ́n jọ débẹ̀. Gílóòbù ń fì nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lórí ebè ẹ̀fọ́, òmíràn ṣì pé, òmíràn ewúrẹ́ ti kọlù ú, ó ti fọ́ sórí ewé. Bàrúwà la ẹnu, kò lè pa á dé.

Màmá ní, "Ẹ̀fọ́ tí mo jẹ lánàá ńkọ́?"

Ṣàíbù ní, "Màmá, ara yín tiẹ̀ le ju tàná lọ."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Ìwọ lo bù kún tìẹ."

Fẹ́yìsetán fúnra ẹ̀ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, ó já àwọn gílóòbù náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fa ẹ̀fọ́ ibi tó ti fọ́ tu, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ sínú garawa tó lómorí. Ó wá ku ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Bàrúwà ní òun gbọ́ pé àwọn kan wà tó máa ń gba òkú gílóòbù, wọ́n á yọ májèlé inú ẹ̀ jáde.

"Níbo?"

"Wọ́n ní ní ìlú òyìnbó, mà."

"Báwo la ṣe máa gbé e débẹ̀? Bọ́dà tì."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá ní kí wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ wá. Wọ́n kó èédú tó ti pọ́n sínú ẹ̀, wọ́n da eérú lé e kó má bàa jó lala, wọ́n ta àpò sí ògiri, wọ́n fi òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bàrúwà gbé gílóòbù pupa kọ́ padà. Wọ́n dá àwọn ọmọ tó kù padà sínú ilé wọn. Wọ́n kọ́kọ́ fún ara wọn mọ́ igun bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká bí ọkà bàbà tó dànù. Igbe wọn náà yàtọ̀, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Fẹ́yìsetán mí kanlẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàrúwà ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi.

"Mà, pupa ń mu epo, èéfín ẹ̀ ń pọ̀. Èédú náà, igi la gé. Funfun ò mu epo, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ohun tó wà níkùn ẹ̀. Ṣé kí n tú ti inú ilé náà kúrò ni?"

Ṣàíbù ní, "Má tú u o. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn dáadáa ni."

"Ti inú ilé, jẹ́ kó wà," Fẹ́yìsetán ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ti ọmọ adìẹ, pupa ni. Èyí tó bá sì kú nínú funfun, Bàrúwà, ìwọ lo máa wá gbé òkú ẹ̀."

"Èmi? Mà, ibo ni kí n gbé e sí?"

Fẹ́yìsetán dìde, ó tún ìró ẹ̀ so, ó bu èédú sínú páànù, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ adìẹ lọ.