Òwú Ìdí Àpò Fúláwà

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìbọn kọ́kọ́ dún ní Tudun Wada. Mo ti gé yunifọ́ọ̀mù mọ́kànlá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n òwú ọwọ́ mi kò tó rán ẹyọ kan. Ọdún tí àrùn ti èbúté ayé pa ni. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó òwú bọ̀ láti Ṣáínà kò dé mọ́. Ọ̀wọ́n òwú tí ẹ̀yin ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń kùn sí lónìí, eré ni.

A sá. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ rù, mo pọn Ràfíátù ọmọ mi. Ìyá Bùnmi, tá a jọ ń ránṣọ, kó aṣọ gígé náà mọ́ra, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Malam Sani, aládùúgbò wa tó ń ṣe búrẹ́dì, ṣílẹ̀kùn fún àwa àtàwọn ìyá àdúgbò mìíràn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ó sì tì í.

Ọjọ́ mẹ́wàá la lò níbẹ̀. Èéfín táyà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Nígbà tí búrẹ́dì tán, a ń po fúláwà mu pẹ̀lú iyọ̀. Ràfíátù kò sunkún mọ́, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Lọ́jọ́ keje, rédíò ní iléèwé máa wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Bùnmi ní, “Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ. Ilé mi ti jóná. Kí ni Bùnmi fẹ́ wọ lọ síléèwé?”

Bó bá lọ, àwọn ìyá yòókù á tẹ̀ lé e, ta ni màá wá bá ránṣọ, ta ni màá rán an fún?

“Bí mo bá rí òwú ńkọ́?”

“Níbo, Ìyá Ràfí?”

Ojú mi bọ́ sórí àpò fúláwà tó ti ṣófo, òkìtì rẹ̀ kan òrùlé. Òwú funfun ni wọ́n fi rán ìdí wọn! Mo fa àlùmọ́gàjí yọ, nítorí télọ̀ ni mí, òun lọwọ́ mi mọ̀. Mo gé, mo gé, gbogbo ẹ̀ já wẹ́wẹ́.

Malam Sani rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú ilé yẹn láti ọjọ́ Ẹtì. “Haba, Maman Rafi. A hankali.” Ó ní kí n ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá etí òwú kan, ó rọra fà á, gbogbo ìdí àpò tú gbirrr, òwú náà jáde lódindi.

Inú mi dùn débi pé mo jó. Gbogbo ilé ń fa òwú. Ó nípọn, mo fi abẹ́rẹ́ ńlá tí a fi ń rán jíǹsì sẹ́rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

“Àwọn tó ń yìnbọn ò ní gbọ́ ariwo ẹ̀rọ?” Ìyá Bùnmi bi mí.

“Ìbọn tiwọn náà ń pariwo. Fa òwú wá.”

Lọ́jọ́ Ajé, ìbọn ò dún. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń hó létí wa. Ọmọ mọ́kànlá jáde sí títì, ojú rírán funfun yọ gbàǹgbà lára aṣọ aláwọ̀ ewé. Ìyá Bùnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ẹrù kalẹ̀. Òun náà ló ń jágbe mọ́ yín lójoojúmọ́ yìí.

Òwú Ṣáínà dé lẹ́yìn oṣù méjì. Mo ránṣẹ́ sáwọn ìyá pé kí wọ́n kó yunifọ́ọ̀mù wá, kí n fi òwú aláwọ̀ ewé tún un rán. Kò sẹ́ni tó kó o wá.