Géètì Mùnírù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Mùnírù Abọ́dẹrìn, kó má wulẹ̀ bi í nípa iṣẹ́. Ìmọ́tótó ló ń bójú tó ní ọsibítù kan ní Seton, ní Calgary ní Canada, ilé àyágbé sì ni òun, Rafiat ìyàwó rẹ̀ àti Jàmílàt ọmọ wọn ń gbé ní New Brighton nítòsí ibẹ̀. Ilẹ̀ ni kó bi í. Èyí tó rà ní Ìbàfò, ẹni mẹ́ta ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tún tà á fún kó tó kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún, ó ṣì ń dùn ún.

Nítorí náà, nígbà tí ìlú kékeré kan, bíi wákàtí kan àtààbọ̀ sí Calgary, kéde pé àwọn ń fún èèyàn nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èmi Débọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí mo fi ìkéde náà hàn án ni mo gba èébú. Síbẹ̀, ó kọ fọ́ọ̀mù. Ní May, wọ́n fún un nílẹ̀. Lẹ́tà tó bá a wá ò fa ọ̀rọ̀ gùn: ó pẹ́ tán, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù September, ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìlú sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlú máa gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ gbọ́ ohun tí Mùnírù ṣe. Ó ṣe ọgbà! Gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti June títí wọ August ló bá a lọ. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn tó nípọn tí wọ́n fi ń kọ́lé ló kàn mọ́ra, ọgbà náà sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó gbé géètì sí i, ó fi àgádágodo ńlá tì í, ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé THIS LAND IS NOT FOR SALE. Jàmílàt sọ fún un pé, "Daddy, nobody is stealing it." Ó ní kí ni ọmọdé mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì September, Clement, òṣìṣẹ́ ìlú náà, wá yẹ ìpìlẹ̀ wò. Ó kan géètì títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá pe Mùnírù lórí fóònù, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọgbà kì í ṣe ilé, àti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù.

Inú bí mi gidi. Mo ní oṣù mẹ́ta gbáko lo fi lé olè tí ò sí. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, àánú rẹ̀ bá ṣe mí. A wá ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀, a rí i. A rí ọkọ̀ kọnkéré, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n nìkan ló ráyè. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí kọnkéré dé ni káfíńtà tó fẹ́ kó pákó tí wọ́n máa da kọnkéré sáàárín rẹ̀ wá pè pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, ó di October.

Rafiat ló rí ọ̀nà àbáyọ.

"Baba Jàmílàt, pákó wà nílẹ̀. Ẹ tú fence yẹn."

"Kí ilẹ̀ mi wá wà gbayawu?"

"Tí ẹ ò bá tú u, kò ní jẹ́ ilẹ̀ yín mọ́ lópin oṣù yìí."

Mùnírù dìde, ó lọ mú òòlù.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé orí ilẹ̀ náà, a ò tíì yọ ìṣó mẹ́wàá tí àwọn aládùúgbò fi jáde. Ìyá àgbà kan láti òdìkejì títì gbé tíì wá, wọ́n ní àwọn rò pé a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ wá ni. Ọkùnrin méjì mú òòlù tiwọn wá, ọ̀kan nínú wọn sì ti ṣe káfíńtà rí. Òun ló to pákó náà fún wa. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mò ń bínú. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, bí kọnkéré ṣe ń ṣàn wọlé, Mùnírù ń fi àwọn pákó rẹ̀ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ló kàn lọ́jọ́ tí òjò pa á, èyí ló ń kàn tó fi òòlù gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Géètì nìkan ni a ò tú, torí a ò nílò rẹ̀. Ó dá dúró síbẹ̀, tòun ti àgádágodo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́, Clement dé. Kò sí ọgbà lọ́tùn-ún, kò sí lósì, ìpìlẹ̀ ń wò ó kedere. Kò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó lọ síwájú géètì, ó kàn án, ó dúró.

Mùnírù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí i.

"Come in, sir," ó ní. "You are welcome to my house."

Clement wọn ìpìlẹ̀ yíká, ó sì buwọ́ lùwé. Géètì náà ò ní àgádágodo mọ́. Àgádágodo ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ Jàmílàt báyìí, òun ló fi ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.